Fífi lésà wọn ọ̀nà jíjìn: ẹ kọ́kọ́ mọ àsìkò wọ̀n kẹ́ẹ tó ra lésà

Ẹ̀yin ọmọ Aláre, ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn àbúrò wa tó ń kàwé l'Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjagun, tí wọ́n bá ti gbọ́ pé èèyàn lè fi lésà mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó láì fa téèpù, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé lésà wo ni káwọn rà, báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ jàre, lésà kọ́ ló le níbẹ̀. Lésà pupa kékeré táwọn ọmọdé fi ń ṣeré lára ògiri ti tó fún nǹkan tá a fẹ́ ṣe. Àsìkò tí ìmọ́lẹ̀ lésà fi ń lọ kan nǹkan tó sì fi ń padà wá la fi ń mọ bó ṣe jìnnà tó, wíwọn àsìkò yẹn ló le. Ẹni tó bá lè wọn àsìkò bíńtín bó ṣe yẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde nínú wàhálà, ẹni tí ò bá lè ṣe é, kó ra lésà tó ń gé irin, nọ́ńbà tó máa rí lójú kọ̀ǹpútà ẹ̀, irọ́ ni.

Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe ní jẹ́ ká fọwọ́ kan lésà títí tá a máa fi mọ̀ dájú pé aago wa ń ka òótọ́. Ohun tá a fẹ́ lọ wọ̀n nígbẹ̀yìn ni kòtò Erédò Súngbọ́ lápá Òkè-Ẹ̀rì, odi àti yàrà tí wọ́n fi yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká látijọ́, ó gùn ju kìlómítà 160 lọ, ibòmíì wà tí òkè odi ẹ̀ fi bíi mítà 20 ga ju ìsàlẹ̀ yàrà lọ. Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ẹsẹ̀ rìn ín láwọn ọdún 1990 kó tó di pé gbogbo ayé gbọ́ nípa ẹ̀. Igbó ti bo ọ̀pọ̀ ibẹ̀, téèpù ò ṣe é fà, ejò wà níbẹ̀, torí náà tẹ́ẹ bá lè dúró sójú kan kẹ́ẹ mọ bí odi ọ̀ún ṣe jìnnà àti bó ṣe ga tó, iṣẹ́ gidi lẹ ṣe yẹn, kì í ṣe eré.

Ìṣirò tó gbé gbogbo ẹ̀ dúró

Ìmọ́lẹ̀ ń rin mítà 299,792,458 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Tẹ́ẹ bá gé sẹ́kọ́ńdì kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan níbẹ̀ là ń pè ní nánósẹ́kọ́ńdì, láàárín ẹyọ kan yẹn ìmọ́lẹ̀ á ti rin bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Àmọ́ tiwa ń lọ ó tún ń bọ̀, torí náà tí aago bá ka nánósẹ́kọ́ńdì kan, sẹ̀ǹtímítà 15 ni nǹkan yẹn fi jìnnà. Mítà kan jẹ́ nánósẹ́kọ́ńdì 6.67 lálọ-lábọ̀, mítà 20 jẹ́ 133. Tẹ́ẹ bá wá fẹ́ mọ̀ ọ́n dé sẹ̀ǹtímítà kan péré, aago yín gbọ́dọ̀ lè rí píkósẹ́kọ́ńdì 67, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ̀rún kan píkósẹ́kọ́ńdì ló wà nínú nánósẹ́kọ́ńdì kan ṣoṣo.

Ẹ wá wo Arduino Uno, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní nílé. Aago inú ẹ̀ ń lù nígbà mílíọ̀nù 16 ní sẹ́kọ́ńdì kan, ìyẹn ni pé láti ìlù kan sí èkejì nánósẹ́kọ́ńdì 62.5 ti kọjá, mítà 9 ó lé díẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fi ka àsìkò lésà, ògiri tó wà ní mítà 2 àti èyí tó wà ní mítà 8, ọ̀kan náà ni wọ́n máa jẹ́ lójú ẹ̀. Ẹ̀rọ míì la nílò fún àsìkò, màá débẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kan náà ni wọ́n fi ń wọn òṣùpá o. Àwọn tó gùnlẹ̀ sórí òṣùpá lọ́dún 1969 pẹ̀lú Apollo 11 fi dígí kan síbẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà síbi tó ti wá, ó ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ṣì ń yin lésà sí i láti New Mexico, ó ń gbà tó sẹ́kọ́ńdì 2.5 kó tó lọ kó tó bọ̀, fótónì, ìyẹn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù, tó ń kúrò láyé nígbà kan ò lóǹkà, èyí tó ń padà wọnú ẹ̀rọ wọn lè má ju ẹyọ kan lọ, síbẹ̀síbẹ̀ wọ́n ń mọ ọ̀nà yẹn dé mílímítà. Sátẹ́láìtì ICESat-2 tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ lọ́dún 2018 náà, ìgbà 10,000 ló ń yin lésà ní sẹ́kọ́ńdì kan, tó ń ka fótónì lẹ́yọ-lẹ́yọ láti mọ bí yìnyín ṣe ga. Ẹyọ fótónì kan tó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ojú yín ṣáájú

Lésà tí ojú ò rí, irú 905 tàbí 940 nánómítà (nọ́ńbà tó ń sọ irú àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ jẹ́), léwu ju pupa lọ. Pupa, tó bá kan ojú yín ẹ máa ṣẹ́jú wéré, ara ló máa ń ṣe é fúnra ẹ̀. Èyí tójú ò rí, ẹ ò ní mọ̀, lẹ́ńsì inú ẹyinjú á sì kó gbogbo ẹ̀ jọ sójú kan lẹ́yìn ojú, á jó o. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká lo pupa, 650 nánómítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe é tà ń lo 905.

Nǹkan kejì ni pé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára lésà ọjà kì í sábà jẹ́ òótọ́, wọ́n á kọ 5 mílíwáàtì, á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tá a bá ń yìn ín díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe máa ṣàlàyé, agbára tó ń jáde kéré gan-an, 5 mílíwáàtì fún nánósẹ́kọ́ńdì 5, nígbà 5,000 ní sẹ́kọ́ńdì, tẹ́ẹ bá pín in kárí ò tó ìdá ẹgbẹ̀rún kan mílíwáàtì kan. Ibi tí ewu wà ni tí sáàkíìtì bá há, tí lésà wá ń tàn lọ láì dúró. Ẹ fi kápásítọ̀ sáàárín ẹnu súwìtì àti lésà, kápásítọ̀ kì í jẹ́ kí iná tó dúró sójú kan kọjá, tí gbogbo nǹkan bá há lésà á kú fúnra ẹ̀. Ẹ má yìn ín sójú ọ̀nà Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀ o, ẹ má yìn ín sókè sí ọkọ̀ òfurufú, ẹ má sì fún ọmọ kankan gbé.

Ẹ fi ọjọ́ kan ṣeré pẹ̀lú ṣíìpù tó ti dé pátápátá

Kẹ́ẹ tó da nǹkan rú sílẹ̀, ẹ ra VL53L0X, bọ́ọ̀dù kékeré tí STMicroelectronics ṣe, lésà àti dítẹ́kítọ̀ tó ń ka fótónì lẹ́yọ-lẹ́yọ ló wà nínú ẹ̀, ó ń wọ̀n dé mítà 2. Wáyà 4 lẹ máa so mọ́ Arduino, láíbúrárì ẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́, adírẹ́sì ẹ̀ ni 0x29. Èyí tó ń jẹ́ VL53L1X ń dé mítà 4.

Ẹ má wulẹ̀ rí nọ́ńbà kẹ́ẹ yọ̀, ẹ dán nǹkan wò. Ẹ gbé pépà funfun síwájú ẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ ẹ gbé aṣọ dúdú, ẹ máa rí i pé nọ́ńbà ti aṣọ dúdú ń fò sókè sódò ju ti pépà lọ, kò sì ní jìnnà tó. Ẹ gbé e jáde síta lọ́sàn-án gangan, ẹ máa rí i tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà. Ẹ fi gíláàsì dí i lójú, á máa ka gíláàsì yẹn. Gbogbo wàhálà tá a máa bá pàdé lẹ́yìn ọ̀la ló ti wà nínú ṣíìpù kékeré yìí, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n ti bá yín fi bò ó mọ́lẹ̀.

Aago: ibi tí mo fẹ́ kẹ́ẹ pẹ́ sí jù

Ṣíìpù tí mo fara mọ́ fún àsìkò ni TDC7200 ti Texas Instruments. Iṣẹ́ ẹ̀ kò ju pé kó sọ fún yín iye àsìkò tó wà láàárín iná tó wọ ẹsẹ̀ START àti èyí tó wọ ẹsẹ̀ STOP, ó sì ń ka á ní píkósẹ́kọ́ńdì 55 lẹ́ẹ̀kan, mílímítà 8 nìyẹn. Tẹ́ẹ bá fi sí mode 1, ó ń wọ̀n láti nánósẹ́kọ́ńdì 12 dé 500, èyí tó jẹ́ bíi mítà 2 sí mítà 75. Ó pọ̀ tó fún Erédò.

Àwọn nǹkan tó yẹ kẹ́ẹ mọ̀ nípa ẹ̀ rèé. Kò gbọ́dọ̀ rí ju 3.6 fólítì lọ, torí náà ẹ má so ó mọ́ Uno tó ń lo 5 fólítì, ESP32, bọ́ọ̀dù bíi Uno tí fólítì tiẹ̀ kéré, ni kẹ́ẹ lò. Ẹsẹ̀ 14 ló ní, wọ́n tín-ín-rín, wọ́n súnmọ́ra, ẹ ra bọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń sọ ẹsẹ̀ kékeré di ńlá, kẹ́ẹ fi flux (èròjà tó ń jẹ́ kí òjé lẹ̀ mọ́ irin) tó pọ̀ jó o mọ́ ọn, tó bá ṣòro fún yín ẹ gbé e fáwọn tó ń tún fóònù ṣe, iṣẹ́ àárọ̀ ni fún wọn. Ó nílò aago ìta, 8 MHz ni kẹ́ẹ fún un, ẹ ra kírísítàlì oscillator tó dá dúró, ẹ má fa aago látinú ESP32.

Ó yá, ibi tó dùn dé. A fẹ́ mọ̀ bóyá aago yìí ń parọ́, a ò sì ní lésà kankan. Ẹ lọ bá àwọn tó ń so dish DStv, ẹ bẹ̀ wọ́n fún àjẹkù wáyà wọn, RG6 lorúkọ ẹ̀. Iná ń gba inú wáyà yẹn kọjá ní bíi nánósẹ́kọ́ńdì 4 fún mítà kan. Ẹ gé mítà 5, mítà 10, mítà 15. Ẹ fi ṣíìpù 74AC04 ṣe iná tó ń dìde wìrì, ẹ pín in sí méjì, ọ̀kan lọ sí START tààrà, èkejì gba inú wáyà kó tó dé STOP. Ní ìparí wáyà, ẹ fi résísítọ̀ 75 ohm so ó mọ́lẹ̀, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iná á fojú gbá ìparí, á padà sẹ́yìn, á tún wá, ẹ óò sì máa ka iwin.

Ẹ ka wáyà kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, ẹ ya á sórí graph, gígùn wáyà nísàlẹ̀, àsìkò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ tò sórí ìlà kan tó gún régé. Bí ìlà yẹn ṣe dà sílẹ̀ ni iye nánósẹ́kọ́ńdì fún mítà kan, ibi tó ti gún ẹ̀gbẹ́ ni ìdádúró inú sáàkíìtì yín fúnra ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ìlà bá wọ́, ẹ má tẹ̀ síwájú. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣe èèyàn bíi pé kó ṣáà so lésà mọ́ ọn kó wò ó ná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é, torí lẹ́yìn tẹ́ẹ bá ti so lésà àti dítẹ́kítọ̀, tí nọ́ńbà bá ṣì, nǹkan márùn-ún ló máa wà tó lè fà á, nísinsìnyí ọ̀kan péré ni.

Ẹ tún wo bí ẹgbẹ̀rún nọ́ńbà yẹn ṣe fọ́n káàkiri. Àwọn tó ṣe TDC7200 ní ìfọ́nká ẹ̀ jẹ́ bíi píkósẹ́kọ́ńdì 35. Tí tiyín bá ju 100 lọ, iná tẹ́ẹ fún un ló dọ̀tí. Ẹ kà á nígbà tó wà lórí ínfátà, ẹ kà á nígbà tí jẹ̀nẹ̀ aládùúgbò ń kùn, ẹ wá kà á lórí bátìrì nìkan, ẹ̀yin náà á rí ìyàtọ̀ ibẹ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, bátìrì ni o, kódà tí NEPA bá mú iná wá.

Fótónì mélòó ló máa padà?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò kó tó di pé à ń náwó. Lésà pupa 5 mílíwáàtì tó tàn fún nánósẹ́kọ́ńdì 5 ti tú bíi mílíọ̀nù 80 fótónì síta. Ó lọ kan ilẹ̀ pupa lára odi ní mítà 20. Ká ní ilẹ̀ yẹn dá ìdá 30 nínú 100 padà, ó ń fọ́n ọn káàkiri ni, kì í dá a padà sí wa nìkan. Ká ní lẹ́ńsì tá a fi ń gbà á fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, irú èyí táwọn àgbà fi ń ka ìwé ìròyìn, fótónì tó máa dé ojú lẹ́ńsì ò ní ju bíi 38 lọ. Lẹ́ńsì àti fílítà, ìyẹn gíláàsì tó ń jẹ́ kí àwọ̀ lésà nìkan kọjá, á gba bí ìdajì, ó ku 19. Dítẹ́kítọ̀ tá a fẹ́ lò kì í rí ju bí ẹyọ kan nínú 10 lọ nínú ìmọ́lẹ̀ pupa, ó ku bíi 2.

Nínú mílíọ̀nù 80, 2. Ẹni tó ń lo dítẹ́kítọ̀ lásán á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń ka fótónì lẹ́yọ-lẹ́yọ, 2 yẹn pọ̀ jù fún un gan-an, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ nísàlẹ̀.

Ṣé ẹ rí oòrùn? Tẹ́ẹ bá ṣírò ti oòrùn ọ̀sán lórí odi yẹn kan náà, pẹ̀lú fílítà tó dáa níwájú, ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ìgbà ní sẹ́kọ́ńdì kan ló máa kan dítẹ́kítọ̀ yín. Á fọ́ lójú pátápátá. Alẹ́ ni iṣẹ́ wa, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, kò sí ọgbọ́n míì pẹ̀lú irú irinṣẹ́ tá a ní.

Lésà àti ẹni tó ń tàn án

Ẹ yọ sáàkíìtì kékeré tó wà lẹ́yìn lésà ọjà kúrò, kápásítọ̀ inú ẹ̀ ò ní jẹ́ kó yára. Ẹ so ojú lésà fúnra ẹ̀ mọ́ ẹnu 74AC mélòó kan tẹ́ẹ so pọ̀, pẹ̀lú résísítọ̀ tó ń ṣọ́ iná àti kápásítọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Fún pulse (iná tó tàn wìrì tó sì kú) tó kúrú, ẹ mú iná tó ń dìde, ẹ dá ọ̀kan dúró díẹ̀ pẹ̀lú résísítọ̀ àti kápásítọ̀, ẹ kó àtèyí tó dúró àtèyí tí ò dúró wọnú XOR, ṣíìpù tó ń mú iná jáde kìkì nígbà tí iná méjì tó wọ inú ẹ̀ bá yàtọ̀ síra, àsìkò tí wọ́n fi yàtọ̀ síra ló máa jáde gẹ́gẹ́ bíi pulse. Kí wáyà láti XOR dé lésà kúrú bó bá ṣe lè kúrú tó.

Àwọn kan máa sọ fún yín pé kẹ́ẹ máa fún lésà ní iná díẹ̀ ní gbogbo ìgbà kó lè tètè jí. Nínú iṣẹ́ míì òótọ́ ni, níbí mi ò fara mọ́ ọn rárá, torí iná díẹ̀ yẹn á jẹ́ kí lésà máa ràn bàìbàì láì dúró, ìràn bàìbàì yẹn á lọ, á bọ̀, dítẹ́kítọ̀ tó ń rí fótónì kan ṣoṣo á sì máa kà á. Kó pẹ́ kó tó jí, ìdádúró yẹn kì í yí padà púpọ̀, a máa yọ ọ́ kúrò níkẹyìn.

Tó bá di ọjọ́ tẹ́ẹ fẹ́ lo lésà ńlá, irú tó ń gba 30 ampere, ẹ rántí pé wáyà lásán ti di ọ̀tá nìyẹn. 30 ampere tó dìde láàárín nánósẹ́kọ́ńdì 5, tí wáyà ibẹ̀ bá ní inductance (bí wáyà ṣe ń kọ̀ kí iná yára yí padà) 5 nánóhẹ́ńrì péré, 30 fólítì ló máa sọnù lórí wáyà yẹn nìkan. Ìdí nìyẹn táwọn tó ń ṣe é fi ń lo transistor GaN tó fẹ̀ pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń so ó mọ́ ìdí lésà pátápátá. Kì í ṣe iṣẹ́ òní.

Dítẹ́kítọ̀

SPAD, dítẹ́kítọ̀ tó ń rí fótónì kan ṣoṣo, bíi tàkúté ni. Ẹ ti fi fólítì tó ju agbára ẹ̀ lọ dẹ ẹ́ sílẹ̀, kò tíì ré. Fótónì kan ṣoṣo bá wọlé, ó ré gbàà, iná ńlá ya wá lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ pa á kó tún dẹ ẹ́, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa fa iná lọ ni. Résísítọ̀ ńlá ló ń ṣe ìyẹn, iná tó ń gba inú ẹ̀ kọjá ló ń fa fólítì walẹ̀ títí tí ìyapa iná ọ̀ún fi máa kú. Láàárín ìgbà tó ń dẹ padà, fótónì míì tó bá dé, kò ní rí i. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ó máa ń ré láì sí fótónì kankan, ooru ló fà á, ìyẹn là ń pè ní dark count, òun ló ń dà wá láàmú nílẹ̀ tó gbóná báyìí, torí bí ooru bá fi bíi 8 sí 10 dígíríì lọ sókè, ó ń di ìlọ́po méjì.

SPAD ẹyọ kan tó wà fún 905 nánómítà máa ń fẹ́ bíi 200 fólítì, kò bá akẹ́kọ̀ọ́ lára mu. Ẹ ra SiPM, ọ̀pọ̀ SPAD kéékèèké tí wọ́n tò jọ sójú kan ni, kálukú pẹ̀lú résísítọ̀ tiẹ̀. C-Series ti onsemi, mílímítà kan níbùú, ni mo máa mú. Ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ré wà láàárín 24.2 sí 24.7 fólítì. Ẹ wá gbọ́ o, bátìrì 9 fólítì mẹ́ta tẹ́ẹ tò tẹ̀lé ara wọn, 27 ni, ó ti ré kọjá bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́, kò sì sí ariwo kankan nínú ẹ̀. Iná tó ń fà kéré débi pé bátìrì yẹn á pẹ́. Ẹ fi résísítọ̀ 10,000 ohm àti kápásítọ̀ 100 nánófárádì sẹ́nu ẹ̀. Bátìrì tuntun lè ju 9 lọ díẹ̀, ẹ fi mítà wò ó, kó má kọjá 29.

Ẹ rántí ooru: ibi tó ti ń ré yẹn ń fi 21.5 mílífólítì lọ sókè fún dígíríì kan. Láti àárọ̀ ọyẹ́ sí ọ̀sán ìjọ́ kejì, dígíríì 10 lè yí, 0.2 fólítì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ 2.5 fólítì péré la fi kọjá ojú ìlà. Ó tó láti yí bí iná ẹ̀ ṣe ń ga padà, torí náà ẹ máa yẹ threshold, ìyẹn ojú ìwọ̀n tí iná gbọ́dọ̀ kọjá ká tó kà á, wò lẹ́ẹ̀kan sí i gbogbo ìgbà tẹ́ẹ bá ti gbé e kúrò nílé.

Iná tó ń jáde nínú fótónì kan ò ju mílífólítì mélòó kan lọ. Ẹ gbé e gba inú ámpílífáyà tó yára, irú MAR-6 ti Mini-Circuits, kó wá wọ kọ̀ǹpárétọ̀ TLV3501, ṣíìpù tó ń sọ bóyá iná ti kọjá threshold. Ẹ gbé gbogbo ẹ̀ sínú àpótí dúdú tí ìmọ́lẹ̀ ò lè gbà wọlé, téèpù dúdú ò tó nìkan, ẹ kùn ún nínú.

Wíwá ojú threshold, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ pa gbogbo iná, ẹ dé àpótí, ẹ máa ka iye ìgbà tó ń ré ní sẹ́kọ́ńdì bẹ́ẹ ṣe ń fi ọwọ́ yí threshold lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ á pọ̀ yanturu, ariwo ámpílífáyà nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó máa dúró sójú kan, bíi 30,000 sókè ní sẹ́kọ́ńdì, ẹ máa yí i kò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ibẹ̀ ni ẹyọ fótónì kan wà. Tẹ́ẹ bá tún yí i sókè á já wálẹ̀ lójijì, á tún dúró sójú kan míì, ìyẹn ti àwọn tó ré méjì pọ̀. Àárín ojú ìdúró àkọ́kọ́ ni kẹ́ẹ fi í sí. Tẹ́ẹ bá wá fi fèrèsé wa, ìyẹn àsìkò tá a fi ń dúró de fótónì lẹ́yìn tí lésà bá tàn, nánósẹ́kọ́ńdì 200, sọ 30,000 yẹn di púpọ̀, nínú ẹgbẹ̀rún ìgbà tẹ́ẹ bá yin lésà, bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré ni dark count máa dà yín láàmú. Ká máa yọ̀.

Iná tó ń tan lésà ló ń wọ START, ti kọ̀ǹpárétọ̀ ló ń wọ STOP. Ẹ fi mítà 5 wáyà DStv yẹn sáàárín kọ̀ǹpárétọ̀ àti STOP, kí TDC7200 má bàa rí nǹkan tí ò tó nánósẹ́kọ́ńdì 12.

Àpapọ̀: ẹ má ka ẹyọ kan gbọ́

Fótónì kan tó dé ò ní kó jẹ́ tiyín, ó lè jẹ́ ti dark count, ó lè jẹ́ ti gílóòbù òpópónà. Torí náà ẹ máa yìn ín, bíi 5,000 ìgbà ní sẹ́kọ́ńdì, ẹ máa da àsìkò kọ̀ọ̀kan tó bá dé sínú histogram, àwòrán tó ń fi iye tó bọ́ sínú àpò kọ̀ọ̀kan hàn, àpò ìdajì nánósẹ́kọ́ńdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti ariwo á tò káàkiri pẹlẹbẹ, ti odi á gbé orí sókè níbì kan.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kéèyàn ro gbogbo nọ́ńbà pọ̀ kó pín in, ariwo á fa ìdáhùn yẹn sáàárín fèrèsé. Ẹ wá ibi tó ga jù ná, lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ẹ ro àwọn tó wà lápá ọ̀tún àti òsì ẹ̀ nìkan, nánósẹ́kọ́ńdì 3 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Fótónì 2 tí mo ní ó pọ̀ jù ńkọ́? TDC7200 bí a ṣe tò ó, èyí tó kọ́kọ́ dé nìkan ló ń gbà. Tí méjì bá ń padà nígbà kọ̀ọ̀kan, èyí tó jáde níbẹ̀rẹ̀ pulse ló máa ń borí nígbà gbogbo, odi á dà bíi pé ó súnmọ́ ju bó ṣe wà lọ, odi funfun á tún súnmọ́ ju odi dúdú lọ tó bá ṣe pé ojú kan náà ni wọ́n wà. Òfin ọwọ́ wa ni pé nínú 100 ìgbà tẹ́ẹ bá yìn ín, kó má rí ju 5 lọ. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù. Tíńtì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì mọ́tò ṣe é lò dáadáa, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ máa fi kún un lẹ́yọ-lẹ́yọ níwájú lẹ́ńsì títí tó fi máa wà ní 5. Tí gbogbo nǹkan tẹ́ẹ ń wọ̀n bá wà ní 5 yẹn, ojú kan náà ni ẹ fi ń wo gbogbo wọn.

5 nínú 100, nínú 5,000, jẹ́ 250 ní sẹ́kọ́ńdì. Pulse tó gùn ní nánósẹ́kọ́ńdì 5, ìfọ́nká ẹ̀ jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 22, ẹ fi root 250 pín in, ó di sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀. Ẹ dúró fún sẹ́kọ́ńdì 10, á bọ́ sí bíi mílímítà 4. Pẹ̀lú lésà ọmọdé o.

Kẹ́ẹ tó jáde nílé, ẹ na téèpù sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gùn, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ilé-ìwé dáa, ẹ gbé pépà funfun sí mítà 4, 8, 12, 16, ẹ wọn kọ̀ọ̀kan. Bíi ti wáyà náà ló ṣe máa rí: ìlà tó gún, àti ìdádúró kan tẹ́ẹ máa yọ nínú gbogbo nọ́ńbà.

Tó bá di Erédò

Ẹ bá àwọn onílẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán, ẹ mú ọmọ àdúgbò dání, ẹ wọ bàtà rébà. Ẹ dúró nísàlẹ̀ yàrà, ẹ fi lẹ́ńsì àti lésà sórí ohun tí ò ní mì.

Ewé máa dí yín lójú, àmọ́ níbí lésà pupa tún bá yín ṣe dáadáa: ewé tútù ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, bí ìdá 5 nínú 100 ló ń dá padà, ilẹ̀ pupa wa sì ń dá púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti infurarẹ́ẹ̀dì, irú ìmọ́lẹ̀ tójú ò rí, ò rí bẹ́ẹ̀, nínú ìyẹn ewé máa ń tàn yòò, àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfurufú ṣe é pẹ̀lú 1064 nánómítà máa ń rí ewé àti ilẹ̀ pa pọ̀, wọ́n á wá yọ ewé kúrò pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Nínú histogram tiyín, tí orí méjì bá yọ, èyí tó súnmọ́ tó sì kéré ni ewé, èyí tó wà lẹ́yìn ni odi. Kìkì tí wọn ò bá tó sẹ̀ǹtímítà 75 síra ni wọ́n máa lẹ̀ mọ́ra, torí bí pulse wa ṣe gùn tó nìyẹn, tó bá rí bẹ́ẹ̀ ẹ sún díẹ̀ kẹ́ẹ tún wá ihò míì láàárín ewé.

Fún gíga odi, ẹ gbé fóònù lé ẹ̀yìn lẹ́ńsì kẹ́ẹ fi ápù tó ń wọn ìdágẹ̀rẹ́ kà á, ọ̀nà tẹ́ẹ wọ̀n lọ́nà sine dígíríì yẹn ni bí ibẹ̀ ṣe ga ju lẹ́ńsì yín lọ, ẹ fi bí lẹ́ńsì ṣe ga sílẹ̀ kún un. Ẹ wọn ibì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tẹ́ẹ débẹ̀ àti kẹ́ẹ tó kúrò. Tí nọ́ńbà méjèèjì bá fi ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ yàtọ̀ síra, ẹ wọn fólítì bátìrì mẹ́ta yẹn ná, lẹ́yìn náà kẹ́ẹ wá yẹ threshold wò.